Ààwẹ̀ Tí Mo Kéde fún Apá Àbúrò Mi

Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni àbúrò mi obìnrin, l'Ómù-Àrán níbí. Apá ọ̀tún ló kọ́kọ́ ń dà á láàmú. Kò ní í tíì kọ ìlà mẹ́ta sójú pátákó tí apá á fi ro ó, á sọ ọ́ sílẹ̀, á sinmi. Nọ́ọ̀sì tó fẹ́ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ní ẹ̀rọ òun ti bàjẹ́, kò rí nǹkan kan kà. Ẹ̀rọ ò bàjẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ni kì í dé apá náà dáadáa mọ́.

Ìlọrin la ti gbọ́ òótọ́. Dókítà ní àìsàn kan ló ń mú iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wú, tí inú iṣan náà sì ń fún. Òun á mú iṣan kan lẹ́sẹ̀ rẹ̀, òun á rán an mọ́ apá kí ẹ̀jẹ̀ lè gba ibẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n wíwú yẹn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rọlẹ̀, oògùn ló sì ń mú un rọlẹ̀: ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Ó ní kó má fo ọjọ́ kankan. Oògùn náà mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ bọ̀kọ̀tọ̀, àwọn ará ìjọ wá ń kí i pé ó ń sanra. A kúkú ń ṣe àmín.

Nígbà tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ dára, dókítà dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Èmi olórí ẹgbẹ́ aládùúrà obìnrin sì kéde ààwẹ̀ ọjọ́ méje. Bẹ́ẹ̀ la máa ń ṣe fún ẹni tó bá fẹ́ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, òun alára á sì bá wa gbà á.

“Àǹtí, oògùn mi ńkọ́?”

Mo ní ọjọ́ méje péré, kó má ṣe oníyèméjì. Olóríkunkun ni mí, ta ló fẹ́ bá mi jiyàn? Ó kó oògùn sínú àpótí.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí, a ṣe ìdúpẹ́, mo jó títí gèlè mi fi tú. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ń kọ pátákó kún. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ìka rẹ̀ tún ń tutù. Iṣan tí wọ́n rán ti dí.

Dókítà ní bí wíwú náà bá ru sókè lásìkò iṣẹ́ abẹ, bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ó bi àbúrò mi bóyá ó fo oògùn. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo jókòó sí. Ó wò mí, ó sì kọjú sí dókítà.

“Rárá, sà.”

Dókítà mí kanlẹ̀. Ó ní tó bá jẹ́ pé ó lo oògùn pé tí iṣan ṣì dí, a jẹ́ pé àìsàn yìí lágbára ju oògùn lọ, kò sídìí tí òun fi máa tún fi ọ̀bẹ kàn án. Kó fi apá òsì kọ́ ìwé kíkọ.

Ojú tì mí, ẹ̀rù sì bà mí. Mo lè sọ òótọ́ ọjọ́ méje yẹn nígbà náà. Mo gbé báàgì mi, mo ní ká tètè máa lọ kí ọkọ̀ Òmù-Àrán má baà tán ní gáréèjì.