Nọ́ńbà Lára Ibojì Kan ní Ilẹ̀ Basque

Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tèmi ní àdúgbò Parkchester lókè òkun, ni ó rán mi níṣẹ́ nígbà tí mo ń lọ sí ìpàdé àwọn olùkọ́ ní ìlú etíkun kan ní ilẹ̀ Basque. Nítòsí ibẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ ti kú sínú odò tó pààlà Sípéènì àti Faransé.

“Tíṣà, ìwọ tí ẹnu rẹ kì í dákẹ́, bá mi wá ibojì rẹ̀.”

Ọjọ́ tí ọmọ náà kú ni akọ̀wé ìlú fi bá mi wá ibojì náà; nọ́ńbà lásán ni mo bá lára rẹ̀. Akọ̀wé náà sọ fún mi pé àwọn wá ẹbí rẹ̀ títí, àwọn kò rí i. Síbẹ̀, nínú fáìlì tó ṣí síwájú mi, mo rí lẹ́tà mẹ́ta tí ìyá náà kọ, tí àdírẹ́sì Parkchester wà lára wọn. Wọ́n ti já gbogbo wọn kà. Kò sí ẹni tó fèsì.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá àgbà kan ń tan àbẹ́là tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n wé mọ́ pátákó, èyí tí wọ́n máa ń tàn fún òkú ilé wọn láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ó béèrè orúkọ òkú tèmi; mo dárúkọ ọmọ náà, ó sì rọra pè é.

Mo padà dé Parkchester tìbínú-tìbínú.

“Ẹ̀gbọ́n, n ó kọ ọ́ síwèé, gbogbo ayé ni yóò kà á.”

“Kọ ọ́. Ṣùgbọ́n má dárúkọ ọmọ mi o, má sì dárúkọ mi. Mi ò tíì ní pépà. Àwọn ìmígíréṣọ̀n á tọ orúkọ wá mi wálé.”

Ìdí nìyí tí ẹ kò fi rí orúkọ ọmọ náà níbí pẹ̀lú.