Ọwọ́ Tí Mo Wí, Ọwọ́ Tí Wọ́n Wò

Ọkùnrin inú eré náà ṣàdédé dẹ́kun sísáré. Eré ogun kan ni mo ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà nílé wa ní Koumassi, nílẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé, lọ́sàn-án Sátidé. Bí mo bá fi ọmọńdinrín ọwọ́ òsì tẹ bọ́tìnnì kan mọ́lẹ̀, ọmọ ogun mi á máa sáré. Lójijì ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni tó ń lọ kí àna rẹ̀, wọ́n sì yìnbọn pa á. Mo bú kọ̀ǹpútà. Ìgbà tí mo wolẹ̀ ni mo rí i pé ìka mi ti kúrò lórí bọ́tìnnì, èmi kò sì mọ̀. Mo gé ìka náà jẹ díẹ̀. Ó dà bí ìka ẹlòmíràn.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń kọ́ni nílé ìwé aládàáni kan. Yàtọ̀ sí ìyẹn, mo máa ń kọ èrò mi nípa eré orí kọ̀ǹpútà sí ìkànnì kan, pẹ̀lú ìgbéraga tí kò bá iye àwọn tó ń kà á mu. Mo ti kéde pé eré bọ́ọ̀lù wà fún àwọn tí kò fẹ́ ronú. Mo ní eré oko dídá, níbi tí àgbàlagbà ti ń bomi rin kárọ́ọ̀tì tí kò sí, wà fún àwọn tó ti fẹ̀yìn tì nínú ayé. Eré ogun nìkan, mo ní, ló yẹ ọlọ́pọlọ pípé. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ gbogbo ìdájọ́ wọ̀nyí, òun náà ni mo fi ń di ṣọ́ọ̀kì mú.

Láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìka òrùka tó tẹ̀ lé e náà kú. Ní àràárọ̀, ó máa ń ṣe mí bíi pé èèrà ń rìn lábẹ́ awọ. Ṣọ́ọ̀kì ń bọ́ lọ́wọ́ mi, àwọn ọmọ kíláàsì sì rò pé mo ń dá wọn lára yá.

Asiata ìyàwó mi bá mi lọ sílé ìwòsàn. Treichville ni wọ́n bí i sí, ó ń gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ. Èmi náà, Faransé tí mo ń kà dára ju èyí tí mo ń sọ lọ. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì irin láti àárọ̀ títí oòrùn fi dé àtàrí.

"Kí ni kí n sọ fún dókítà?" ni Asiata bi mí.

"Sọ pé ọwọ́ ń dùn mí, pé ó ti ń kú."

"Docteur, il dit que sa main fait mal. Sa main est en train de mourir," ni Asiata túmọ̀ ọ̀rọ̀ mi fún un.

Dókítà náà wo ọwọ́ mi, ó ya àwòrán eegun rẹ̀, kò rí nǹkan kan tó ṣẹ́. Ó de ọrùn ọwọ́ mi mọ́ ike kan, ó ní kí n sinmi.

Mo sinmi bí ọ̀mọ̀wé ṣe ń sinmi: mo fi ìgúnpá òsì ti tábìlì, mo gbé orí lé àtẹ́lẹwọ́, mo sì ń fi ọwọ́ ọ̀tún ṣe eré oko. Kò burú tó bí mo ṣe wí. Òjò ń rọ̀, kárọ́ọ̀tì ń hù, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ọwọ́ mi. Mo tún gbìyànjú eré bíríkì tí ń já bọ́ láti òkè. Ìyẹn ba ọkàn mi jẹ́: ohun tí o bá tò dáadáa á pòórá, ohun tí o kò rí tò ni yóò gun ara wọn títí yóò fi pa ọ́. N kò padà sí i.

Nígbà tí oṣù kejì parí, kòtò kan ti yọ láàrin àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá mi. Ẹran ibẹ̀ ń gbẹ. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Ilé ìwòsàn mìíràn ni a lọ. Obìnrin àgbàlagbà ni dókítà ibẹ̀. Kò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ Asiata. Ó fún mi ní bíírò, ó ní kí n ya ibi tó ń dùn mí sára ara mi. Mo fa ìlà láti ìgúnpá dé ọmọńdinrín.

"Mais madame, ça, ce n'est pas la main," ni dókítà sọ fún Asiata.

"Bàbá Rafia, ó ní kì í ṣe main," ni Asiata wí, ó fi orúkọ ọmọ wa pè mí.

"Ta ló pè é ní main? Ọwọ́ ni mo sọ."

"Ọwọ́ náà ni mo sọ. Ọwọ́, c'est la main, non?"

Main Faransé kò kọjá ọrùn ọwọ́. Yorùbá ní apá lédè, ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ń dùn wá, láti èjìká dé èékánná, ọwọ́ ni a ń pè é. Ìmọ̀ ẹ̀dá èdè ni mo kà ní yunifásítì. N kò rántí.

Dókítà ṣàlàyé. Iṣan ìmọ̀lára kan, tí Faransé ń pè ní nerf cubital, ń gba ẹ̀yìn ìgúnpá kọjá. Òun ló ń jó bí iná bí ènìyàn bá gbá ìgúnpá mọ́ ilẹ̀kùn. Bí ènìyàn bá ń fi ìgúnpá ti nǹkan ṣáá, iṣan náà yóò há mọ́ ibẹ̀, àwọn ìka méjì tó kángun á sì kú. Ìsinmi tí mo ń ṣe gan-an ló ń pa á. Wọ́n là mí ní ìgúnpá, wọ́n tú iṣan náà sílẹ̀. Obìnrin náà kò purọ́ fún mi: ó lè padà, ó sì lè má padà.

Ọ̀pọ̀ oṣù kọjá tí n kò ní ìmọ̀lára kankan nínú ìka méjèèjì. Asiata ń bá mi de bọ́tìnnì ẹ̀wù, kò sì sọ̀rọ̀ main mọ́. Èmi ni mo máa ń sọ ọ́ nígbà tí inú bá ń bí mi, ó sì ń tì mí lójú.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, nínú wôrô-wôrô, takisí tí èrò jọ ń wọ̀, tó ń bọ̀ láti ọjà Treichville, awakọ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọńdinrín mi. Ó dùn mí wọ inú eegun.

"Vieux père, pardon," ni awakọ̀ fi ń bẹ̀ mí.

Mo ní ẹ ṣeun. Mo tún un sọ ní Faransé. Àwọn èrò wo ara wọn. Asiata di ìka náà mú, ó ń tẹ̀ ẹ́ níbí àti lọ́hùn-ún, ó ń bèèrè pé, "Ici? Níbí ńkọ́?" títí a fi dé Koumassi.

Ìka òrùka kò tíì padà, bóyá kò sì ní padà. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ èyí, díẹ̀díẹ̀, ó ń dùn mí, mo sì dúpẹ́ pé ó ń dùn mí.