Lẹ́tà A Pupa Tí Mo Fi Abẹ Tú

Obìnrin tí ìsọ̀ aṣọ rẹ̀ kángun sí tèmi ní Katako, ọjà tí wọ́n ti ń la pákó nílẹ̀ elédè Faransé tí à ń gbé yìí, kìlọ̀ fún mi lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá. Ó ní òun máa dáná sun ṣòkòtò tí ọmọbìnrin òun to píìnì sí láti itan dé kókósẹ̀. "Àlájà, ẹ ṣọ́ tiyín náà o," ló wí. Òórùn pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là kún gbogbo ibẹ̀. Mo rántí ohun tí ọwọ́ tèmi ṣe ní ọdún méjì sẹ́yìn.

Ọmọbìnrin mi ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ nígbà náà lọ́dọ̀ obìnrin ẹ̀yà Zarma kan ní àdúgbò Yantala, tí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń pè ní Tántì, bí ìgbà tí à ń pe èèyàn ní Àǹtí. Aṣọ dúdú ni obìnrin náà ń rán: jíìnsì tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fà ya, síìpù níbi tí kò sí ohun tí à ń ṣí, ẹ̀wọ̀n lára àpò. Láti ìgbà tí ọmọ mi ti débẹ̀, Tántì ló kún ẹnu rẹ̀. Tántì ní ata wa pọ̀ jù. Tántì ní irun kúkurú ló bá orí rẹ̀ mu. Èmi tí mo fi ọdún mọ́kàndínlógún di irun yẹn, ẹnì kankan ò bi mí.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ó gbé jákẹ́ẹ̀tì kan wálé, èyí tó fẹ́ wọ̀ lọ síbi ìfihàn aṣọ ní àdúgbò Plateau nílùú wa níbí. Ó ti fi òwú pupa rán lẹ́tà A ńlá sínú òbìrìkìtì kan lẹ́yìn rẹ̀, ẹsẹ̀ A náà sì yọ síta.

"Kí nìyí?"

"Màmá, ó túmọ̀ sí pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ọ̀gá lórí ẹlòmíì."

"Èmi ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin kọ́. Àwọn ìjọba ni."

"Ọ̀gá rẹ ní Yantala ńkọ́?"

"Tántì? Ìyẹn ò ṣe ọ̀gá rárá. Ọ̀rẹ́ wa ni."

Mo sọ fún ara mi pé àwọn ọlọ́pàá ni mò ń bẹ̀rù, pé wọ́n á dá a dúró lọ́nà Plateau. Bó ṣe lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo mú abẹ, mo jókòó sẹ́bàá fèrèsé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú A náà. Mo ti tú ẹsẹ̀ kan tán kí n tó yí aṣọ náà dà. Inú rẹ̀ mọ́ bí ìta. Abẹ́rẹ́ lọ síwájú, ó padà sẹ́yìn ní ìdajì, kókó mẹ́ta sì wà níbi tí òwú parí sí. Bí ìyá mi ṣe kọ́ mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ nìyẹn, bí mo sì ṣe kọ́ ọmọ mi lórí ẹní nìyẹn, nígbà tí kò tíì gbọ́ Faransé kankan. Ẹ̀rọ ni Tántì fi ń rán tirẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni mò ń tú.

Ọmọ mi bá mi bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án, òwú pupa lórí itan mi. Mo ní kó jẹ́ kí n rán an padà. Ó gba aṣọ náà lórí itan mi.

"Ẹ fi sílẹ̀, Màmá. Yíya ò ba irú aṣọ yìí jẹ́. Àmọ́ ẹ ò bi mí."

Bẹ́ẹ̀ ló wọ̀ ọ́ lọ, òwú ń mì lẹ́yìn rẹ̀. Ọlọ́pàá kankan ò dá a dúró. Èmi náà lọ, mo jókòó sí ìlà tó kẹ́yìn níbi ìfihàn náà. Àwọn èèyàn yin òwú tó ń mì yẹn, Tántì ni wọ́n sì lọ kí. N kò ní parọ́, ó ṣì ń dùn mí. Àmọ́ èyí tó dùn mí jù ni pé láti ọjọ́ náà, inú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́ ni ọmọ mi ń kó aṣọ rẹ̀ sí.

Ó ti wá yé mi pé kì í ṣe nítorí ọlọ́pàá ni mo ṣe mú abẹ. Nítorí obìnrin kan tí ọmọ mi fẹ́ràn ni. Mo bẹ ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ka èyí: kí ẹ tó fọwọ́ kan aṣọ ọmọ yín, ẹ kọ́kọ́ bi í, kí ẹ sì yí aṣọ náà dà, kí ẹ wo inú rẹ̀.