Mo Wá Ìyókù Ìtàn Yunifọ́ọ̀mù Dé Ìjù

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tí mo ti jáde nílé ní Ilo-Awela, inú sì ti ń bí mi. Ọjọ́ ìsinmi mi ni o! Èmi tí mò ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ọ̀rá látọjọ́ Ajé, tó yẹ kí n ṣì máa hanrun. Bọ̀ọ̀lì ló fà á.

Ẹ̀yin ará Ìkìrun, nílé, ewé la fi ń pọ́n nǹkan jíjẹ. Níbí, pépà ni. Pépà èyíkéyìí, kò kàn wọ́n. Lánàá mo ra bọ̀ọ̀lì, mo tú u, ìtàn ni mo bá lára pépà ẹ̀, báírò ni wọ́n fi kọ ọ́. Ọkùnrin kan máa ń sá yunifọ́ọ̀mù ẹ̀ sórí okùn lálẹ́. Tó bá di àárọ̀, òógùn á ti rin abíyá ẹ̀, òógùn gbígbóná, bíi pé ẹnì kan ti wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́. Ó wá ki ọwọ́ bọ àpò, ọwọ́ ẹ̀ sì kan...

Pépà tán! Ṣé ẹ rí ayé?

Mo ti dàgbà, mo mọ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ìtàn ẹ̀rù ju ẹran lọ. Gbogbo èyí tí mò ń rí, ọ̀kan náà ni: iwin jáde, wọ́n pe pásítọ̀, iwin jóná. Ó ti sú mi! Ti yunifọ́ọ̀mù yìí ò jọ ìkankan. Mo sáré padà sọ́dọ̀ oníbọ̀ọ̀lì. Ó ní ìyá kan tó ń ránṣọ ní Ìjù ló kó pépà náà fún òun, kí n yáa tètè lọ kó má baà tán.

Kẹ̀kẹ́ tó ń gba igba náírà gba ọ̀ọ́dúnrún lọ́wọ́ mi dé Ojú Ore, ó ní òjò rọ̀ lánàá. Ṣé èmi ni mo rọ òjò ni? Omi kún gbogbo kòtò, tírélà sì dí ibi tó gbẹ. Ní Ojú Ore mo gun ọ̀kadà. Ọlọ́kadà bi mí pé kí ni mò ń wá lọ sí Ìjù láàárọ̀ kùtù. Mo ní ìtàn ẹ̀rù.

"Ẹ̀rù? Brọ́dá, owó ilé tí lándíọ̀ọ̀dù fi kún ò tíì bà yín lẹ́rù tó ni?"

Mo san owó ẹ̀, mo béèrè ọ̀nà ìsọ̀ ìyá tó ń ránṣọ.

Mo bá ìyá náà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ mà. Ìtàn yunifọ́ọ̀mù yẹn, ìyókù ẹ̀ ni mo wá kà."

Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Ó ti bọ́. Mo ti fi gé pátánì."

Ó nawọ́ sí ògiri. Àwọn pépà tí télọ̀ máa ń tẹ́ sórí aṣọ kó tó gé e ló so rọ̀ síbẹ̀. Ìtàn mi ti di apá bùbá! Mo ń kà á lọ, ibi tó bá ti fẹ́ dùn gan-an, sísọ́ọ̀sì ti gé e dànù.

"Mà, kí ló dé tẹ́ ẹ gé irú nǹkan báyìí?"

"Kí n wá fi ṣe kí ni? Èmi ni mo kọ ọ́. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì mi ní kò lẹ́kọ̀ọ́ nínú, àfi kí n fi pásítọ̀ parí ẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fi Ọlọ́run bò mí láṣìírí, ẹ má fi pásítọ̀ kankan sí i!"

Ó rẹ́rìn-ín títí. "Ọmọ yìí, jókòó."

Mo jókòó, mo sọ fún un pé èmi náà ń wọ yunifọ́ọ̀mù níbi iṣẹ́. Ó ń ránṣọ, ó ń sọ ọ́. "Eyín ló bá nínú àpò. Eyín èèyàn, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó wá fi ahọ́n wá ẹnu ara ẹ̀ kiri." Ẹ̀rọ dákẹ́. "Àyè kan ti ṣófo. Àpò mélòó ló wà lára yunifọ́ọ̀mù tiyín?"

"Mẹ́rin, mà."

"Hẹ́ẹ̀n. Tiẹ̀ náà, mẹ́rin ni. Ọ̀kan péré ló sì tíì yẹ̀ wò."

Mo ṣèlérí pé màá máa kó pépà sìmẹ́ńtì wá fún un, kó máa fi ìyẹn gé pátánì, kó fi ìtàn sílẹ̀ fún mi. Ó gbà. Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi nìyẹn: ìtàn gidi ò wọ́n nílùú yìí, a kàn ń fi wọ́n wé bọ̀ọ̀lì ni, torí kò sẹ́ni tó ń béèrè ìyókù.

Nígbà tí mo délé, yunifọ́ọ̀mù mi tí mo sá kí n tó jáde ṣì wà lórí okùn. Òòrùn ti ràn látàárọ̀, ó yẹ kó ti gbẹ. Mi ò fọwọ́ kàn án. Eyín mi ni mo kọ́kọ́ fi ahọ́n kà.