Ìwà Tó Bọ́ Sí Bàbá Mi Lọ́wọ́

Lọ́dún tí àwọn olùkọ́ ò rí owó oṣù gbà, tí wọ́n sì ti gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ pa, mo wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Kétu, níbi tí wọ́n ti ń fi èdè Faransé kọ́ni. Ìdánwò bákì, tó máa ń gbé èèyàn dé yunifásítì, ló kù fún mi. Láàárọ̀, mo máa ń bá bàbá mi lọ sóko lójú ọ̀nà Idigny. Bí oòrùn bá ti mú, a ó padà wálé, mi ò sì tún ní nǹkan tí mo lè ṣe títí ilẹ̀ fi máa ṣú.

Olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní ìtàn ló gba yàrá kan nínú ilé wa. Ọmọ Sakété ni, Mesié, ìyẹn ọ̀gbẹ́ni, la máa ń pè é. Ìyàwó rẹ̀ ti kó àwọn ọmọ padà sílé nítorí oúnjẹ, ó wá ku òun nìkan pẹ̀lú àwọn ìwé rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kan ló gé páálí mílíìkì, ó ya ilẹ̀ mẹ́rin sí i, odò kan sì gba àárín wọn kọjá. Hóró àgbàdo ni ọmọ ogun, ẹ̀wà ni oúnjẹ, òkúta wẹ́wẹ́ ni ìlú. Èèyàn mẹ́rin ló ń ta á. Ẹni tó bá kàn yóò ṣe ohun kan ṣoṣo: kó gbin oúnjẹ, kó gbé ogun, kó tẹ ìlú dó, tàbí kó bá aládùúgbò rẹ̀ ṣe àdéhùn. Ohun tó mú un yàtọ̀ sí ayò ni pé ká tó bẹ̀rẹ̀, oníkálukú a kọ́kọ́ fa ìwé kékeré kan tí Mesié ti kọ, tó sì ká. Irú ọba tí o jẹ́ ló wà nínú rẹ̀, Mesié a sì kà á sókè. Bí ìwé bá ní ojo ni ọ́, ojo ni wàá ṣe títí eré fi parí. Ẹni tó bá hùwà mìíràn ti pàdánù nìyẹn, bí ogun rẹ̀ tiẹ̀ pọ̀ jù lọ.

Èmi, Mesié, bàbá mi àti obìnrin nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní òdìkejì ilé wa la jọ ń ta á lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, ọba tí kò fẹ́ ìjà ni mo fà. Ohunkóhun tí wọ́n bá bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀, yóò fi sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì fa ọ̀dàlẹ̀. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó bá mi ṣe àdéhùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí gba ilẹ̀ mi díẹ̀díẹ̀. Mo rí ibi tó yẹ kí n fi ogun dí.

Mo ní, “Mesié, ẹ jẹ́ kí n fi àgbàdo dí ojú odò yìí lẹ́ẹ̀kan péré.”

“Ọba tìrẹ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀.”

“Ṣùgbọ́n èmi lè ṣe é.”

“Ìwọ kọ́ lò ń jọba níbẹ̀,” ló fèsì.

Mo jókòó, mo ń wo bí ilẹ̀ mi ṣe ń tán. Omijé dé ojú mi, ó sì tì mí lójú, torí eré lásán ni.

Lọ́jọ́ mìíràn, bàbá mi fa ọba tí kì í gbójú fo nǹkan. Bí ẹnikẹ́ni bá mú nǹkan rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ gbẹ̀san nígbà tó bá tún kàn án. Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Èyí ò jọ mí rárá.” Òótọ́ ló sọ. Nígbà tí àwọn èèyàn ìjọba wá wọn ilẹ̀ rẹ̀ lójú ọ̀nà Kpankou, tí wọ́n ní oko ìjọba ni yóò dà, fìlà rẹ̀ ló ṣí fún wọn. Délégé àdúgbò wa, ẹni tó ń ṣojú ìjọba láàárín wa, ló mú wọn débẹ̀.

A ò tíì ta á jìnnà tí délégé yìí fi yà sílé wa.

Ó ní, “Ehuzu.”

A jọ dáhùn pé, “Dandan,” bó ṣe jẹ́ ìkíni ayé ìgbà náà, tí wọ́n ń sọ lédè Fọ̀n pé ayé ti yí padà.

“Ọba wo ni mo ń gbọ́ lẹ́nu yín?” ló bi wá. Ìjọba ò fẹ́ ọ̀rọ̀ ọba nígbà yẹn; kamaradi, ìyẹn ẹlẹgbẹ́ ẹni, ni wọ́n ní ká máa pe ara wa.

Mesié ní, “Ìṣirò ni, kamaradi. Ìṣirò la fi ń ṣeré.”

Délégé wo páálí náà títí. Ó ní kí wọ́n ṣí àyè fún òun. Nọ́ọ̀sì dìde fún un, délégé sì fa ìwé tirẹ̀. Mesié kà á: ọba tó ń bẹ̀rù gbogbo èèyàn, tí kì í jáde nílùú rẹ̀. Délégé gba ìwé náà, ó tì í bọ àpò.

“Ta ni mo ń bẹ̀rù?”

Ó kó gbogbo ogun rẹ̀ jáde, ó gba ìlú tó tóbi jù lọ́wọ́ bàbá mi, ó sì mú òkúta náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Nígbà tó kàn mí, òun náà ló tún ta á. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, Mesié sì tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀.

Ó wá kan bàbá mi. Gbogbo ìlú délégé ló ṣófo, torí ó ti kó ogun rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ẹni tí kò ta eré náà rí yóò mọ ohun tó kàn. Bàbá mi kó àgbàdo rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. Ó dì í mú pẹ́. Nínú ọkàn mi, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé e lọ. Ó dà á padà síbi tó wà.

Ó ní, “Mo fò ó.”

Délégé kọjú sí Mesié. “Kí ni òfin eré yín wí?”

Mesié ò gbójú sókè. “Bàbá ti pàdánù.”

Délégé gbá bàbá mi léjìká, ó ní àgbẹ̀ ò mọ ogun jà, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Mo bá bàbá mi lẹ́yìn ilé níbi tó ti ń fọ ọkọ́.

“Bàbá, ìwé ní kẹ́ ẹ jà. Kí ló dé?”

“Ilẹ̀ tó kù fún wa lójú ọ̀nà Idigny, ta ni yóò bá mi bẹ délégé nítorí rẹ̀ bí inú bá bí i?”

“Àgbàdo lásán ni, Bàbá.”

“Mo mọ̀. Òun ni mi ò mọ̀ bóyá ó mọ̀.”

Láti ọjọ́ náà, ọ̀sán-ọ̀sán ni délégé ń wá. Eré náà ti wọ̀ ọ́ lára, a ò sì lè sọ pé kó má wá mọ́. Òun ló ń jẹ nígbà gbogbo. Mesié ò kọ ìwé ìwà mọ́. Àwa náà kàn ń sún àgbàdo, a ń ṣọ́ra kí ogun wa má baà pọ̀ ju tirẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní iṣẹ́ wọ òun lọ́rùn, kò yọjú mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Mesié kó ìwé rẹ̀ sínú àpò, ó ní òun fẹ́ sọdá bódà, bóyá òun á rí ibi tí wọ́n ti nílò ẹni tó máa kọ́ wọn ní Faransé. Ó ní kí n máa kàwé mi. Mo ní mo gbọ́. Délégé wá lọ́sàn-án, nígbà tí kò bá a, ó gbé páálí náà lọ.

Ìdí ẹ̀gẹ́ ni mo wà, mo ń bó o, nígbà tí rédíò kéde pé wọ́n ti wọ́gi lé ọdún ẹ̀kọ́ náà, kò ní sí bákì. Bàbá mi wà nítòsí. Ó mú ọ̀bẹ kejì, ó sì jókòó tì mí, a jọ ń bó ẹ̀gẹ́. Lẹ́yìn ìkórè, wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ àǹtí mi ní Adakplamè láti máa bá a din gàrí. Mo di ìwé mi dání lọ. Iṣẹ́ ò jẹ́ kí n ṣí wọn.