Ẹsẹ̀ Tí Mi Ò Lè Gbé Sókè sí Àgbà

Títí di òní, bí mo bá ti gbóòórùn rọ́ọ̀bù tí a máa ń fi pa ara níbikíbi, Torino ní Ítálì ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Kì í ṣe odò rẹ̀ o, kì í sì í ṣe àwọn òkè tí yìnyín bò lẹ́yìn ìlú. Yàrá abẹ́ ilé kan ládùúgbò Barriera di Milano ni mo máa ń rí, níbi tí ilẹ̀ rọ́bà ti ń lẹ̀ mọ́ni ní àtẹ́lẹsẹ̀, tí fèrèsé kékeré méjì wà lókè, tó fi jẹ́ pé bàtà àwọn tó ń kọjá lójú pópó nìkan lèèyàn ń rí. Ibẹ̀ la ti ń kọ́ tekuwondó, ìjà ẹlẹ́sẹ̀ àwọn ará Kòríà. Ìwọ náà ṣáà mọ bí àwọn ọdún náíńtì yẹn ṣe rí. Ọmọ Yorùbá mẹ́ta péré ni mo mọ̀ ní gbogbo ìhà àríwá Ítálì, Padova tó jìnnà sì ni méjì nínú wọn ń gbé. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń kun irin ni mo wà, ariwo ẹ̀rọ ò jẹ́ kẹ́nì kan gbọ́ ẹnì kejì, gbogbo wa la fi nǹkan dí etí. Mo lè lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí ọ̀rọ̀ ẹnu mi má ju "buongiorno", ìkíni àárọ̀ wọn, lọ.

Má fi mí rẹ́rìn-ín o. Mi ò bá ti ìjà lọ síbẹ̀. Ohun tó gbé mi débẹ̀ ni pé lọ́jọ́ kan nínú bọ́ọ̀sì, awakọ̀ tẹ búréèkì lójijì, ìyá arúgbó kan sì di apá mi mú kí wọ́n má bàa ṣubú. Wọn ò tètè fi mí sílẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rántí pé láti ìgbà tí màmá mi ti dì mọ́ mi nílé, oṣù kọkànlá rèé, kò sí ọmọ aráyé kankan tó tún fọwọ́ kàn mí. Háà! Omi bọ́ lójú mi, èmi ọkùnrin gìdìgbà, mo bá dibọ́n pé mò ń nu imú. Lọ́sẹ̀ kejì ni mo rí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn palestra, ilé ìdárayá abẹ́ ilé yẹn, pé ẹni tó bá fẹ́ wá dán an wò kó wọlé. Mo wò ó pé bó bá tiẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ ni wọ́n á fi ta mí, ó ṣáà ti ara èèyàn wá.

Ọmọ Kòríà ni ọ̀gá wa, ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Méjì méjì la máa ń kọ́ ọ. Bó bá ti pàtẹ́wọ́ báyìí, kálukú á ti sáré bá ẹni tirẹ̀, èmi á wá dúró gbagidi láàárín bí òpó. Mi ò ní purọ́ mọ́ wọn, mi ò mọ̀ bóyá àwọ̀ mi ni tàbí òórùn ọ̀dà tí kì í kúrò lára mi bó ti wù kí n fọ̀ ọ́ tó. Àmọ́ ẹlòmíràn náà wà tí kì í rẹ́ni mú: bàbá kan tó ń wọkọ̀ ojú irin láti ìlú Asti wá lọ́jọ́ Tuesday àti Friday. Wọ́n ti lé lọ́gọ́ta dáadáa, wọ́n ti fẹ̀yìn tì, ìyàwó wọn ti kú, irun orí wọn funfun, ó fúyẹ́ bí òwú. Àwọn ọ̀dọ́ ń sá fún wọn torí wọ́n ń bẹ̀rù kí àwọn má bàa kán bàbá léegun. Bí àwa àṣẹ́kù méjì ṣe di ọ̀kan nìyẹn.

Ọ̀rẹ́, mo jẹ̀gbádùn bàbá yẹn! Bí wọ́n bá ta ẹsẹ̀ sí mi níkùn, wọ́n á bi mí pé, "Ṣé ó dùn ọ́?" Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, inú wọn á dùn. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́, a ó jókòó lórí bẹ́ńṣì, wọ́n á bó ọsàn, wọ́n á fún mi ní ìlàjì. Ẹnu wọn ni mo ti kọ́ èdè ìlú náà ju ibikíbi lọ. Wọ́n ní kí n máa pe àwọn lórúkọ bí ẹgbẹ́ mi. Ta ló bí mi? Mo ń tẹrí ba kí wọn lọ ni tèmi.

Ìṣòro kan ló wà níbẹ̀. Ìjà yẹn, orí ló ń wá. Èèyàn á gbé ẹsẹ̀ títí dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹnìkejì rẹ̀, á wá dá a dúró ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin, kò ní kàn án. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo da ẹsẹ̀ ré orí bàbá àgbà kọjá níbi tí wọ́n sùn sí lórí ẹní, ìgbátí tí màmá mi fún mi, etí mi ṣì ń hó. "Ṣé o fẹ́ pa wọ́n ni?" Wọ́n ní kí n da ẹsẹ̀ náà padà síbi tó ti wá. Ta ni yóò wá kó irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ síwájú ojú àgbàlagbà tó ń bó ọsàn fún un? Ní gbogbo oṣù yẹn, ìhà wọn ni mo ń ta ẹsẹ̀ mi mọ. Mo rò pé wọn ò fura.

Ọjọ́ Sunday kan la lọ Padova fún esame, ìyẹn ìdánwò bẹ́líìtì aláwọ̀ ewé, èmi àti bàbá ará Asti nínú ọkọ̀ ojú irin kan náà. Wọ́n din ẹyin sínú búrẹ́dì fún mi, wọ́n sì fi ojú ara wọn ṣọ́ ọ pé ẹlẹ́dẹ̀ kankan ò débẹ̀, torí wọ́n mọ̀ pé mi kì í jẹ ẹ́. Nígbà tó kàn wá, bàbá ló kọ́kọ́ ta ẹsẹ̀ tiwọn. Ẹsẹ̀ náà ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Ó wá kù tèmi. Mo ta á, ìhà ló bá. Ọ̀gá wa ní, "Ojú." Mo tún un ta, ìhà. "Ojú!" Mo wo irun funfun yẹn, mo wo ẹsẹ̀ ara mi, ẹ̀ẹ̀kẹta, ìhà náà ni. Wọ́n fún bàbá ní bẹ́líìtì, wọ́n ní kí èmi lọ jókòó.

Mo rò pé bàbá á yìn mí pé mo jẹ́ ọmọlúàbí. Nígbà tí a ń padà, wọn ò wo ojú mi. Wọ́n ní, "Ṣé òkú ni mí lójú rẹ?" Mo ní rárá o, mo ní ọ̀wọ̀ ni. Wọ́n ní, "Ìwọ náà. Ìwọ náà wá dà bíi wọn." Wọ́n gbé báàgì wọn, wọ́n lọ jókòó sí kóòṣì mìíràn. Ìjókòó tó wà níwájú mi ṣófo títí a fi dé Torino.

Wọn ò wá lọ́jọ́ Tuesday. Wọn ò wá ní Friday. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń ta ẹsẹ̀ sí àpò tí wọ́n so rọ̀ lẹ́bàá ògiri. Ìdánìkanwà tí mo ti mọ́ra tẹ́lẹ̀ padà dé, ó wá le ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí mo ti tọ́ ọsàn wò. Èmi tí mo pa ara mi lẹ́kún pé mo mọ̀wọ̀ àgbà, mo wá ń bínú sí mọ̀wọ̀mọ̀wọ̀ mi.

Wọ́n ti kọ àdírẹ́sì wọn fún mi rí lẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀. Ní ọjọ́ Sunday kẹrin, mo lọ Asti. Ọmọ wọn obìnrin ló ṣílẹ̀kùn, oúnjẹ ọ̀sán ni mo bá wọn nídìí ẹ̀, ó sì gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Ọmọ yẹn fẹ́ràn bàbá rẹ̀ dénú egungun: òun ló gé ẹran wọn wẹ́wẹ́, ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ wọn, ó da aṣọ bo èjìká wọn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ bu omi, ó ní, "Papà, lascia," pé kí wọ́n fi sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ dìde, "Papà, lascia." Ọkùnrin tó ń fi ẹsẹ̀ lù mí níkùn wá jókòó síbẹ̀ bí ẹyin tí wọ́n kó sínú òwú. Ojú tì mí, ìtìjú tó wọra. Àṣé ibi kan ṣoṣo tí wọ́n ti ń jẹ́ ọkùnrin láyé, ọwọ́ mi ló wà, mo sì tún sọ wọ́n di ẹyin níbẹ̀.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ síta." A sọ̀ kalẹ̀ sí cortile, àgbàlá ilé náà. Wọ́n bọ́ aṣọ èjìká yẹn sílẹ̀, wọ́n dúró bó ṣe yẹ. Mo kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo tún tọrọ lọ́wọ́ màmá mi tó wà nílé. Mo wá gbé ẹsẹ̀ sókè. Ó dúró ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, atẹ́gùn rẹ̀ sì fẹ́ irun funfun yẹn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọ wọn figbe ta lójú fèrèsé. Bàbá ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "Ancora!" Mo tún un ta. Mi ò mọye ìgbà tí mo ta á. Èmi náà ń sunkún, mi ò dibọ́n mọ́.

Wọ́n ti kú tipẹ́. Mo gba bẹ́líìtì mi kí wọ́n tó kú, wọ́n sì wà níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé ọ̀wọ̀ dáa, màmá mi ò kọ́ mi ní ìkọ́kúkọ̀ọ́, àmọ́ èèyàn lè bọ̀wọ̀ fún ẹnìkan títí ẹni náà ò fi ní rẹ́ni bá ṣeré mọ́.

Ó wá kàn mí báyìí. Ilé ìkẹ́rùsí kan nílùú Piacenza ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àwọn ọ̀dọ́ Yorùbá wa pọ̀ níbẹ̀. Bí wọ́n bá ń ti ara wọn ṣeré nígbà ìsinmi, tí wọ́n rí mi, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á gba páálí lọ́wọ́ mi: "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ẹ fi sílẹ̀, sà." Mo ń ṣàdúrà fún wọn, ó sì ń tọkàn mi wá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì síwájú ojú mi, bí a ti máa ń ṣe ní palestra nígbà yẹn, mo ní kí èyí tó ga jù nínú wọn ta ẹsẹ̀ sí i. Ó wojú àwọn yòókù. Ló bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ǹtì, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Kí ni mo ṣe?"