Pẹ́dàlì Tí Ń Ṣiṣẹ́ Sódì

Ohun tí mo rántí kò pọ̀, n kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà lórí gbogbo rẹ̀. Èyí tó dá mi lójú ni pé ìka méjì ní ọwọ́ òsì mi ti gan láti ìgbà tí ọ̀kadà ti gbé mi ṣubú ní Kétu, n kò sì lè tẹ okùn gìtá bí mo ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ mọ́. Gìtá yìí nìkan sì ni ipò tí mo ní nínú ìjọ aláṣọ funfun wa ní Ìkòsì. Olórí akọrin, àgbà obìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Mummy, ti fi ẹ̀rín sọ ọ́ fún mi: "Bí ìsìn ìdúpẹ́ bá lọ dáadáa, ẹ ṣì jẹ́ tiwa. Bí kò bá lọ dáadáa, a ó jọ wá nǹkan míì fún yín."

Ìdí nìyẹn tí mo fi ra ẹ̀rọ mídì tí wọ́n ń so mọ́ gìtá. Bí mo bá ta okùn kan ṣoṣo, ohùn dùùrù ńlá ni yóò ti inú rẹ̀ jáde. Àwọn ìka tó kù tó fún un. Ẹsẹ̀ ni yóò ṣe ìyókù: súwíìṣì kan tí kò ní í jẹ́ kí ohùn náà tètè kú, àti pẹ́dàlì kan tí yóò máa gbé e sókè, tí yóò sì máa rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Súwíìṣì bá ẹ̀rọ náà mu lójú ẹsẹ̀. Pẹ́dàlì kò bá a mu. Irú dùùrù mìíràn ni wọ́n ṣe é fún. Ẹnu wáyà rẹ̀ wọlé wẹ́kú, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti to wáyà inú rẹ̀ yàtọ̀. Bí mo bá fi iwájú ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ohùn a rẹlẹ̀. Bí mo bá fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́, a ké. Mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, títí òdì fi di ọ̀nà tààrà fún ẹsẹ̀ mi.

Ọ̀rẹ́ mi tí ń ta gìtá béèsì nínú ìjọ wa, tó ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún ẹ̀rọ agbóhùnsókè ṣe lọ́nà Ogudu, a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Ọ̀gá, gíà rífásì lẹ fi ń lọ síwájú! Ẹ gbé e wá, kí n bá yín nu inú rẹ̀." Mo gbé e fún un.

Ó nu ún lóòótọ́. Ó sì tún wáyà rẹ̀ tò, kí ó lè máa ṣiṣẹ́ bó ti yẹ. Ó lẹ téèpù mọ́ ọn lórí, bó ti ń ṣe sí gbogbo ohun tó bá yí padà. Ó ní òun sọ fún mi ní àárọ̀ ìsìn ìdúpẹ́, nígbà tí òun gbé e dé, lẹ́nu ọ̀nà ìjọ níbi tí a ti ń bọ́ bàtà. Èmi rántí pé ẹnu rẹ̀ ń mì, tí àwọn akọrin sì ń kọrin. Bóyá mo gbọ́.

A kò ráyè dán ohun èlò kankan wò. Wọ́n ti ń gbé tùràrí wọlé. Sùtánà mi bo pẹ́dàlì náà mọ́lẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ mi kan nǹkan kan lórí rẹ̀. Mo rò pé àbẹ́là ló yọ́ sí i, nítorí kò sí ohun tí àbẹ́là kì í yọ́ sí lọ́dọ̀ wa. Mo fi èékánná ẹsẹ̀ họ ọ́, mo sì ń bá iṣẹ́ mi lọ.

Nígbà tí gbogbo ìjọ kúnlẹ̀, tó yẹ kí ohùn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn, mo tẹ pẹ́dàlì síwájú. Dùùrù bú jáde. Mo rò pé n kò tẹ̀ ẹ́ tó. Mo tún tẹ̀ ẹ́ sí i. Ìyá kan fi ọwọ́ méjèèjì di etí. Súwíìṣì ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ ní pípé, kò jẹ́ kí ohùn náà kú.

"Mo sọ fún yín!" Ọ̀rẹ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún lẹ́yìn ìsìn. "Ẹ tiẹ̀ mirí sí mi."

Mummy kò bínú. Ìbínú ì bá sàn. "Bọ̀dá mi, ẹ lọ sinmi. Ohùn yẹn náà, ẹni tó ń tẹ dùùrù lè fi ìka kan tẹ̀ ẹ́."

Òtítọ́ ni. Ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀lé e, mo gbọ́ ohùn dùùrù náà láti àárín ìjọ: ó dìde jẹ́jẹ́, ó rọlẹ̀ síbi tó yẹ, kò sì sí ẹnì kan tó bojú wẹ̀yìn wá mi.